Línì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí fóònù, báǹkì àti Wi-Fi inú ilé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ gan-an, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń wọlé síni lára látorí fóònù, nígbà téèyàn jókòó sínú yàrá ara ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rù vírọ́ọ̀sì, a ń ra antivirus, àmọ́ a fi nọ́ńbà fóònù wa sílẹ̀ gbayawu, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni báǹkì, WhatsApp, NIN, BVN àti email so mọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé mò ń padà sórí ọ̀rọ̀ línì ṣáá, ẹ má bínú, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Mo ti yọ orúkọ gbogbo àwọn tó kọ̀wé kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà n'Ìbàdàn, èmi náà sì ni olórí èsúsú wa. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan pè mí pé òun ń pè láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó pe orúkọ mi, ó ní a fẹ́ ṣe àdúrà lórí Zoom, pé kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun kóun lè fi orúkọ mi sí i. Mo kà á. Kò pẹ́ rárá tí WhatsApp mi fi jáde, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sáwọn ọmọ èsúsú pé mo fẹ́ yá owó, pé mo máa dá a padà lálẹ́. Èèyàn méjì ti sanwó. Ṣé mo ṣì lè gba WhatsApp mi padà? Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ sọ fáwọn èèyàn yìí? Ojú ń tì mí láti lọ sọ́jà. — Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ lè gbà á padà, ẹ sì lè ṣe é lónìí, torí síìmù ṣì wà lọ́wọ́ yín, ìyẹn ló ṣe kókó. Ẹ ṣí WhatsApp lórí fóònù yín, ẹ tẹ nọ́ńbà yín sí i, wọ́n á fi kóòdù tuntun oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé báyìí lolè yẹn ń jáde, torí WhatsApp kì í jẹ́ kí fóònù méjì jẹ́ ọ̀gá lórí nọ́ńbà kan. Tí kóòdù ò bá tètè wọlé, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ dúró títí dìgbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró dà.

Ibi tó ti máa ń le ni tólè bá ti yára fi PIN tiẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó dé. Tí wọ́n bá bi yín ní PIN tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7 kí WhatsApp tó gbà kẹ́ ẹ wọlé láìsí PIN yẹn, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yá a fún yín, ẹni tó bá ní òun lè ṣe é tó sì ń gbowó, olè mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀ láàárín ọjọ́ yẹn, torí bẹ́ ẹ ṣe tẹ kóòdù oní-mẹ́fà yẹn wọlé, òun náà ti jáde nìyẹn, kò lè fi orúkọ yín kọ̀wé sẹ́nikẹ́ni mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé tán, ẹ wo Linked devices nínú Settings, ẹ lé ẹ̀rọ yòówù tẹ́ ẹ ò mọ̀ jáde. Ẹ wá lọ sí Account, ẹ wá Two-step verification, ẹ fi PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà sí i, ẹ sì fi email yín sí i pẹ̀lú. Ká ní PIN yìí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kóòdù tẹ́ ẹ kà fún un yẹn nìkan ò bá má lè ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ní ti owó táwọn méjì yẹn san, àwọn fúnra wọn ni kó pe báǹkì wọn, torí látinú àkáǹtì tiwọn lowó ti jáde. Kí wọ́n mú nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n san án sí, aago tí wọ́n san án àti ẹ̀rí ìsanwó dání, báǹkì wọn lè bá báǹkì kejì sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá èyí tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ dúró. Kíákíá ni o, torí àwọn ọmọ yìí kì í jẹ́ kówó sùn síbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fáwọn èèyàn ni òótọ́, ẹ sì fi ohùn sọ ọ́, ẹ pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan lórí línì gidi, ẹ má dúró dìgbà tí WhatsApp máa padà. Ẹ sọ pé wọ́n gba WhatsApp mi, kí ẹnikẹ́ni má sanwó. Mo mọ̀ pójú ń tì yín, àmọ́ ìtìjú yẹn gan-an làwọn oníjìbìtì ń jẹ, wákàtí tẹ́ ẹ bá fi dákẹ́ ni wọ́n fi ń gbowó. Ẹni tó pè yín mọ orúkọ yín àti ṣọ́ọ̀ṣì yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ ìjọ kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba WhatsApp tiẹ̀, látinú gúrúùpù ìjọ ni wọ́n ti ń ka orúkọ tẹ̀ lé orúkọ. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ èsúsú yín ni wọ́n tún máa gbà lọ.

Ọgbọ́n kan tún wà tí wọ́n ń lò báyìí, wọn ò ní bi yín ní kóòdù rárá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ **21* tàbí **67* kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà kan sí i, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní àtúnṣe. Ṣe nìyẹn ń darí ìpè yín sọ́dọ̀ wọn, tí WhatsApp bá wá fi ìpè ka kóòdù, etí wọn ló máa bọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ irú ẹ̀ rí, ẹ tẹ ##002#, ó máa ń pa gbogbo ìdarí ìpè rẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí l'Abẹ́òkúta. Wọ́n yọ fóònù mi lápò nínú bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́ Fúráìdé. Fóònù yẹn ní lọ́ọ̀kù, ìka mi nìkan ló ń ṣí i, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe dààmú, mo ní tó bá di Mọ́ńdè màá lọ gba línì mi padà. Kó tó di Mọ́ńdè wọ́n ti kó owó oṣù mi tán. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní PIN, mi ò tẹ líǹkì kankan. Báwo ni wọ́n ṣe wọlé? — Tíṣà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Wọn ò ní láti ṣí fóònù yẹn rárá. Síìmù ni wọ́n máa ń yọ, wọ́n á kì í bọ inú fóònù kékeré kan, ó parí. Lọ́ọ̀kù tó wà lójú fóònù ò dí síìmù lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí síìmù lásán lè ṣe lórílẹ̀-èdè yìí: tí wọ́n bá tẹ *346#, ó lè mú NIN yín jáde, tí wọ́n bá tẹ *565*0#, ó máa mú BVN yín jáde, torí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti ní línì yín, NIN yín àti BVN yín lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ni lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Á lọ sórí áàpù báǹkì, á ní òun gbàgbé páásíwọ̀dù, kóòdù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, orí síìmù yẹn náà ló ń bọ̀. Email ńkọ́? Ohun kan náà ni.

Ohun tó ń dí i ni SIM PIN, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń ta línì fún wa kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tí SIM PIN bá wà lórí línì, fóònù yòówù tí wọ́n bá kì í sí máa béèrè nọ́ńbà yẹn kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ SIM síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan nínú Settings, ẹ máa rí SIM lock tàbí SIM PIN. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkánjú ṣe é. Línì kọ̀ọ̀kan ti ní PIN kan tí ilé iṣẹ́ fi sí i látìbẹ̀rẹ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i sí tiyín, ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì wọn, ẹ má máa dá a rò. Tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, línì á tì, á máa béèrè PUK, nọ́ńbà gígùn tó wà lára páálí ike tí síìmù fi wá. Tẹ́ ẹ bá wá ṣi PUK náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù yẹn kú nìyẹn, ẹ máa lọ gba òmíràn. Torí náà ẹ kọ PIN àti PUK sínú ìwé kan nílé, níbi téèyàn kan yàtọ̀ sí yín mọ̀.

Ìkejì, ẹ yọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì kúrò lójú fóònù tó bá wà ní títì, kó má jẹ́ pé wọ́n á kàn gbé e sókè kí wọ́n máa ka kóòdù báǹkì yín láìṣí i.

Tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí, ẹ má dúró de Mọ́ńdè! Ẹ gba fóònù ẹni tó bá jókòó tì yín nínú bọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Báǹkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti àkáǹtì, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ línì kí wọ́n ti síìmù, ká tó máa sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá fóònù. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní kóòdù tẹ́ ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíì láti ti àkáǹtì yín. Ẹ lọ béèrè ti báǹkì yín lónìí ní báǹkì fúnra ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì. Ẹ má wá a lórí Facebook o, torí àwọn tó ń pe ara wọn ní kọ́sítọ́mà kéà pọ̀ níbẹ̀, èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ ké gbàjarè pé wọ́n ja òun lólè, ni wọ́n á ti sáré dé tí wọ́n á máa béèrè nọ́ńbà ATM ẹ̀. Ẹ tẹ *#06# náà, nọ́ńbà 15 tó bá jáde ni IMEI fóònù yín, ẹ kọ òun náà sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá máa béèrè ẹ̀. Ní ti fóònù fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ Android, ẹ lọ sórí Find Hub ti Google látorí fóònù mìíràn, ẹ tì í tàbí kẹ́ ẹ pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́.

Fún owó tó lọ, ẹ kọ̀wé sí báǹkì yín, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á, kẹ́ ẹ sì so ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ CBN, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà báǹkì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ifẹ̀. Mo yá owó lórí áàpù kan, ọ̀rẹ́ mi ló fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ tí mo máa san án kọjá díẹ̀, ni wọ́n bá fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù mi pé olè ni mí, dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa àti lẹ́kíṣọ́rà mi. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti pa áàpù yẹn rẹ́ àmọ́ wọn ò dáwọ́ dúró. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ, inú bí mi gan-an. O jẹ gbèsè, òótọ́ ni, wàá san iye tó o yá, ṣùgbọ́n jíjẹ gbèsè kì í ṣe olè jíjà, kò sí òfin tó fún ayánilówó láṣẹ láti máa fi fọ́tò èèyàn kiri. Lọ́dún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, bu owó ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà fún ilé iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù kan torí irú ìwà yìí gan-an. Lóṣù Kẹfà 2023 ni Ààrẹ wá buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò dátà, Nigeria Data Protection Act, òun ló gbé àjọ NDPC kalẹ̀. Àjọ yẹn àti FCCPC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ni kó o gbé ẹjọ́ rẹ lọ bá, méjèèjì. Ya fọ́tò gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn, bẹ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí náà kí wọ́n fún ọ ní tiwọn, kí nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́ hàn níbẹ̀, fi orúkọ áàpù àti ẹ̀rí owó tó o gbà sí i.

Pípa tó o pa áàpù rẹ́ dáa, àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n ti kó lọ, wọ́n ti kó o lọ nìyẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ka èyí fara balẹ̀: nígbà tí áàpù bá ní kó o tẹ Allow lórí Contacts, kì í ṣe nọ́ńbà tìẹ lò ń fún wọn, nọ́ńbà ìyá rẹ ni, nọ́ńbà lẹ́kíṣọ́rà rẹ ni, àwọn tí ò yá kọ́bọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò sì bi léèrè. Google ti fòfin de àwọn áàpù ayánilówó orí Play Store láti 31 oṣù Karùn-ún 2023 pé wọn ò gbọ́dọ̀ wọnú Contacts tàbí fọ́tò èèyàn mọ́. Nígbà tó jẹ́ pé líǹkì ni ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́, ó jọ pé ìta Play Store lo ti gbé tìẹ wá, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí. Má gbé áàpù owó kankan látinú líǹkì mọ́ láé. FCCPC ní orúkọ àwọn ayánilówó tí wọ́n fọwọ́ sí lórí ojú òpó wọn, ẹni tí ò bá sí níbẹ̀, sá fún un.

Lọ sínú Settings, wọ Apps, wo áàpù kọ̀ọ̀kan, wo ohun tó o fún un láyè láti fọwọ́ kàn. Kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi Contacts ṣe? Gba gbogbo ẹ̀ padà.

Kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì kúkúrú kan sáwọn èèyàn rẹ, pé ayánilówó kan kó nọ́ńbà yín lórí fóònù mi láìtọ́, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ blọ́ọ̀kù wọn, mo ti gbé e lọ sí NDPC. Má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún bàbá rẹ, ní kí ẹ̀gbọ́n kan tó o fọkàn tán bá ọ lọ sílé, kẹ́ ẹ jókòó. Tí ọkàn rẹ bá sì ń sọ fún ọ pé ó ti parí fún ọ, sọ ọ́ fẹ́nì kan lónìí, má dá gbé e. Àwọn òǹkàwé wa náà, tí irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn bá wọlé sí yín lórí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má fi ránṣẹ́ síbòmíì.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ni mò ń gbé ní London. Mọ́mì wa wà n'Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹnì kan pè wọ́n lálẹ́, ohùn mi gan-an ni wọ́n ní àwọn gbọ́, tó ń sunkún pé ọlọ́pàá mú òun. Wọ́n fowó ránṣẹ́ kí wọ́n tó pè mí. Mo pariwo mọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, látìgbà yẹn wọn kì í sọ nǹkan fún mi mọ́. Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo fóònù wọn láti ibí? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rọ̀ ariwo yẹn ni kí á kọ́kọ́ yanjú, torí kò sí sẹ́tíǹsì tó máa ṣiṣẹ́ tí mọ́mì bá ń bẹ̀rù láti pè ọ́. Pè wọ́n, tọrọ àforíjì. Ìyá tó gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀ tó ń sunkún, tó sì fowó ránṣẹ́, ìyá rere ló ṣe, ẹni tó fi ìfẹ́ yẹn jà á lólè lọ̀daràn. Ẹ̀rọ AI ti lè gba ohùn èèyàn látinú ohùn díẹ̀ tó wà nínú voice note tàbí fídíò, kó sì máa fi sọ ohun tí ẹni yẹn ò sọ rí, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ló sì ń tàn jẹ.

Ẹ fi àdéhùn kan síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdílé: ẹni tó bá pè tó ń bẹ̀bẹ̀ owó nínú wàhálà, wọ́n á bi í ní ìbéèrè kan tó jẹ́ pé ilé yín nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ má lo oríkì o, torí gbogbo wa la máa ń kọ oríkì ọmọ wa sórí Facebook lọ́jọ́ ìbí. Ẹ wá nǹkan tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ajá tẹ́ ẹ ní nígbà tó o wà ní kékeré, tàbí ẹni tó mú ọ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí mọ́mì pa ìpè yẹn, kí wọ́n fúnra wọn pe nọ́ńbà rẹ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lórí WhatsApp wọn, nínú Privacy, ẹ ṣí Silence unknown callers, ìpè ẹni tí wọn ò mọ̀ ò ní dún mọ́, àmọ́ línì gidi ò sí nínú ìyẹn o. Ẹ sọ Groups di My contacts, kí àjèjì má lè fà wọ́n sínú gúrúùpù òwò orí afẹ́fẹ́. Ẹ fi PIN onígbèésẹ̀ méjì tí mo sọ fún Ìyá Aláṣọ síbẹ̀, email tìẹ ni kẹ́ ẹ fi sí i tí mọ́mì ò bá ní. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù lójú mi ni àkáǹtì: kí owó ìfẹ̀yìntì àti èyí tí ẹ̀yin ọmọ ń fi ránṣẹ́ wà nínú àkáǹtì kan tí kò sí lórí fóònù rárá, kí owó ọbẹ̀ wà nínú òmíràn tí wọ́n ń lò lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì ní kí báǹkì dín iye tó lè jáde níbẹ̀ lóòjọ́ kù. Bá wọn sọ gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe é, owó wọn ni.

ÌBÉÈRÈ: Wi-Fi ilé wa ń tètè jẹ dátà tán, mo fura sáwọn aládùúgbò. Mo tún fi kámẹ́rà CCTV sí iwájú ilé àti pálọ̀. Ṣé ẹnì kan lè máa wò wá? — Onílé, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe o. Lọ́dún 2016 àwọn kan ṣe vírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Mirai, ó ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń wá kámẹ́rà àti ráútà, kò sì lo ọgbọ́n kankan ju pé ó ń gbìyànjú orúkọ àti páásíwọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn látìbẹ̀rẹ̀, irú bíi admin pẹ̀lú admin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó ẹ̀rọ ilé onílé jọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, nígbà tó di 21 oṣù Kẹwàá wọ́n fi wọ́n kọlu ilé iṣẹ́ Dyn l'Amẹ́ríkà, tó ń darí èèyàn sórí àwọn ojú òpó ńlá, ni Twitter àti Netflix ò ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún wákàtí tó pọ̀. Àwọn tó ni kámẹ́rà yẹn ò mọ̀ rárá.

Páásíwọ̀dù méjì ló wà lára ráútà tàbí MiFi, ọ̀kan lẹ fi ń wọ Wi-Fi, ìkejì lẹ fi ń wọnú sẹ́tíǹsì ráútà fúnra ẹ̀, ìkejì yìí làwọn èèyàn kì í yí padà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn, ẹ máa rí àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sínú bùráúsà. Ẹ yí méjèèjì, ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 níbi tí wọ́n ti ń béèrè irú ààbò Wi-Fi, ẹ pa WPS, ìyẹn ọ̀nà àbùjá tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láìtẹ páásíwọ̀dù. Níbẹ̀ náà lẹ ti máa rí gbogbo fóònù tó so mọ́ ọn, ẹ kà wọ́n, ẹ máa mọ èyí tí kì í ṣe tiyín, àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá aládùúgbò jà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fídíò àwọn ọmọ ló ń jẹ dátà.

Ti kámẹ́rà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yín fi í: email ta ló fi ṣí àkáǹtì áàpù ẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi tara wọn ṣí i kó lè yá, ó túmọ̀ sí pé títí dòní ó lè jókòó sílé ẹ̀ kó máa wo pálọ̀ yín. Ẹ pa àkáǹtì yẹn rẹ́, ẹ fi tiyín ṣí i. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi kámẹ́rà sí pálọ̀ rárá, ìta ti tó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré níwájú ilé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wá tẹ NIN síliìpù àti rìsọ́ọ̀tì WAEC. Kọ̀ǹpútà Windows 10 ni mò ń lò. Wọ́n ní ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣé òótọ́ ni? — Oníbísínẹ́ẹ̀sì, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní 14 oṣù Kẹwàá 2025. Kò ní kú, àmọ́ ihò yòówù tí wọ́n bá rí lára ẹ̀ láti ìgbà yẹn lọ, kò sẹ́ni tó máa bá ọ dí i, àyàfi tó o bá fi orúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe tí wọ́n ń fúnni fún ìgbà díẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà rẹ bá lè gbé Windows 11, gbé e sí i. Má fojú kékeré wò ó: vírọ́ọ̀sì WannaCry tó ti fáìlì àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Brítéènì pa lóṣù Karùn-ún 2017, Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta, àwọn tí ò gbé e wọlé ló kó sí i. Má sì ra Windows tí wọ́n fọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi fláàṣì kiri.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tìẹ ju Windows lọ. NIN síliìpù gbogbo àdúgbò ló wà nínú fódà Downloads rẹ yẹn! Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà yẹn sá lọ ti rí orúkọ, ọjọ́ ìbí, fọ́tò àti NIN wọn. Ní alaalẹ́, kó o tó ti ṣọ́ọ̀bù, pa gbogbo fáìlì oníbàárà rẹ́, kó o sì tún pa á rẹ́ nínú Recycle Bin. Tí oníbàárà bá fi WhatsApp tiẹ̀ wọlé lórí kọ̀ǹpútà rẹ, rí i pé o yọ ọ́ jáde lójú ẹ̀ kó tó lọ. Èyí tí wọ́n tẹ̀ tó bàjẹ́, ya á wẹ́wẹ́, má fi fún alákàrà.

ÌBÉÈRÈ: Mo pa línì kan tì láti bí ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣèèṣì pe línì yẹn, ọmọkùnrin kan ló gbé e, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra síìmù yẹn ni, pé àlẹ́ẹ̀tì báǹkì mi ń wọlé sọ́dọ̀ òun. Ṣé kí n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́? — Òǹkàwé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹlòmíì ì bá ti dákẹ́. Línì téèyàn ò bá lò fún ọjọ́ 180, ilé iṣẹ́ lè tì í, tó bá tún pé ọjọ́ 180 mìíràn wọ́n lè tà á fẹ́lòmíì, òfin gbà wọ́n láyè. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà yẹn ṣì wà lára àkáǹtì yín. Ẹ lọ sí báǹkì lọ́la, kí wọ́n yí nọ́ńbà tó wà lára àkáǹtì àti ti BVN, ẹ yí ti NIN lọ́dọ̀ NIMC, ẹ yí ti email àti Facebook náà, kẹ́ ẹ bẹ ọmọkùnrin yẹn kó bá yín pa àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn rẹ́.

Ẹnì kan tún béèrè nínú lẹ́tà mìíràn nípa línì bàbá ẹ̀ tó ṣaláìsí, ṣé kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ máa fi owó díẹ̀ sí i, ẹ máa fi í pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ sì gbé ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì bàbá títí dìgbà tí ìwé ogún bá jáde nílé ẹjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè wá jẹ́ kí línì náà lọ.